Ìjì Òtútù: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ilé Kọ̀ọ̀kan Pèsè Kí Ó Tó Dé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ àjèjì létí ẹni tí kò tí ì kúrò ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn rí, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbà òtútù ilẹ̀ òkèèrè ni. Ṣùgbọ́n agbo ilé mélòó ni ó kù láàrin wa tí kò ní ọmọ, àbúrò tàbí àna ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston tàbí ní Ṣikágò? Ibi tí ọmọ ẹni bá wà, ibẹ̀ ni ọkàn ẹni ń wà. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí, àti àṣìṣe tí ó fẹ́rẹ̀ ti ọwọ́ wa wá, kí ẹni tí ń bẹ lọ́hùn-ún lè múra, kí ẹni tí ń bẹ nílé sì lè mọ ìmọ̀ràn tí yóò fi ránṣẹ́.

Òtútù tí àwa mọ̀ ni ti ọyẹ́, tí ń mú kí ètè bẹ́ kí ara sì funfun. Bí oòrùn bá ti gòkè, ó ti rọlẹ̀. Ìjì òtútù kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ líle ni, pẹ̀lú òjò dídì tàbí òjò tí ń di yìnyín bí ó ti ń kan ilẹ̀, ó sì lè jà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. A máa dí ọ̀nà, a máa wó igi lu wáyà iná, a máa mú kí omi dì gbagidi nínú páìpù. Bí iná mànàmáná bá kú, ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná a kú pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé. Nígbà náà ni inú ilé àti ìta ń bẹ̀rẹ̀ sí di ọ̀kan náà.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, àwa àti ìyá àwọn ọmọ wa wà ní ilé ọmọ wa obìnrin ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ olóoru ni Texas, àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ibẹ̀ kò sì kéré. Àwọn tí ń kọ́ ilé níbẹ̀ ń ro ti oòrùn ju ti òtútù lọ. Nínú ilé púpọ̀, inú àjà ni páìpù omi gbà kọjá, níbi tí ooru ilé kò dé.

Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ti ń kéde pé ìjì òtútù ń bọ̀. Ọmọ wa, ẹni tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, gbọ́, ó sì gbà á gbọ́. Ó ń pọn omi sínú ike àti sínú ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá. Ó ra ẹja inú agolo, búrẹ́dì àti bátìrì. Ó ń kó kúbùsù jọ sí yàrá kan. Àwa jókòó lórí àga, a ń fi í rẹ́rìn-ín. A ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ogun ni ó ń bọ̀ ni?” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ogun ni.” Àwọn àgbà tilẹ̀ ti wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, àwa tí a mọ òwe náà ni a kò lò ó.

Ní òru Ọjọ́ Àìkú mọ́jú Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15 oṣù náà, nígbà tí aago kan òru kọjá díẹ̀, àwọn tí ń ṣe àkóso iná mànàmáná ní Texas bẹ̀rẹ̀ sí pa iná ìlú ní àdúgbò dé àdúgbò. Ìdí rẹ̀ ni pé òtútù ti mú àwọn ẹ̀rọ tí ń pèsè iná, àti kànga àti páìpù gáàsì tí ń bọ́ wọn, ní àkókò náà gan-an tí gbogbo ilé ń fẹ́ iná láti fi yá ara. Bí wọn kò bá pa á díẹ̀díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ì bá wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrètí ni pé yóò máa yí kiri, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ àdúgbò kò padà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí ó ju 4,500,000 lọ ni ó wà lókùnkùn. Ní ọjọ́ 16, òtútù Houston lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 13 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n 32 ni omi ti ń di yìnyín.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni ẹ̀sùn wa bẹ̀rẹ̀. Eegun wa ń dùn wá. A rántí bí ìyá wa ti máa ń gbé ìkòkò èédú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́, tí gbogbo ọmọdé á sì yí i ká. A rí ìdáná onírin kan lẹ́yìn ilé, èyí tí wọ́n fi ń yan ẹran, pẹ̀lú àpò èédú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A sọ fún àna wa pé kí ó dáná sí i, kí ó gbé e wá sí pálọ̀. Òun pẹ̀lú ti ní èrò tirẹ̀: ó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe nílé nítorí olè.

Ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èédú kò ní wọ ilé yìí, jẹnẹrétọ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé yìí. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi wí, ẹ bá mi wí lọ́la nígbà tí gbogbo wa bá jí.”

A bínú. A kò purọ́ fún yín. A wọ agbádá lé ẹ̀wù òtútù, a dé fìlà méjì, a sùn pẹ̀lú ìbínú láàrin àwọn ọmọ-ọmọ wa nínú yàrá kan náà, gbogbo wa lábẹ́ kúbùsù. Ní òwúrọ̀ gbogbo wa jí. Nígbà tí a ṣe ń gbọ́ ìròyìn, ojú tì wá: ní ìlú kan náà, àwọn kan tí wọ́n dáná èédú nínú ilé, àti àwọn kan tí wọ́n jókòó nínú mọ́tò wọn nínú gárèèjì tí a tì, kò jí. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìlera Texas ka gbogbo rẹ̀ tán, iye tí wọ́n kéde ni ènìyàn 246 tí ìjì náà pa. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni òtútù fúnra rẹ̀ pa. 19 ni afẹ́fẹ́ olóró pa. Iná ilé, ìṣubú àti ìjàm̀bá ọkọ̀ pa àwọn mìíràn. Bàbá tí ó rán ọmọ lọ sí ilé ìwé kò gbọdọ̀ bínú nígbà tí ọmọ bá ka ìwé náà sí i létí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé afẹ́fẹ́ olóró yìí, nítorí òun ni ọ̀tá tí àwọn ènìyàn wa kò mọ̀ dáadáa. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní kábọ́nù mọnọ́sáìdì. Ó ń jáde láti ara èédú, igi, gáàsì, kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù nígbà tí wọ́n bá ń jó. Ní àgbàlá wa, níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé tí ó sì ń fẹ́ jáde, ó ń fọ́n ká. Ṣùgbọ́n ilé dídí ni ilé ilẹ̀ òtútù; ohun tí a ṣe kí ooru má bàa jáde ni kì í jẹ́ kí oró jáde. Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, kò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Èyí kì í ṣe irú èéfín bẹ́ẹ̀: kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Bí ènìyàn bá mí in sínú, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń lọ, ó sì ń gba ipò tí ó yẹ kí ọ́síjìn gbà, nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ṣùgbọ́n kò gbé èémí dé ibi tí a rán an.

Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀ àti ìdààmú ọkàn. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé nígbà kan náà, tí ara wọn sì ń yá nígbà tí wọ́n bá jáde síta, kí wọn má ṣe pè é ní ibà. Kí gbogbo wọn jáde lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n pe 911 ní Amẹ́ríkà tàbí 999 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọn má sì padà wọlé títí a ó fi sọ fún wọn pé ó tọ́. Ẹni tí ó ń sùn kì í mọ̀ ìgbà tí ó dé. Nítorí náà ni agogo ìkìlọ̀ tí ń lo bátìrì fi ṣe dandan nítòsí yàrá ìsùn.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí kò múra ni òtútù máa ń lé lọ sọ́wọ́ èéfín. Ẹni tí ó ní kúbùsù, oúnjẹ àti omi kì í wá èédú kiri lóru. Nítorí náà a to ìmọ̀ràn wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ.

ÈKÍNÍ: Kí ìjì tó dé. Ẹ máa fetí sí àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni ìkéde pé ìjì lè dé, ọ̀tọ̀ ni ìkéde pé ó ń bọ̀ tàbí pé ó ti dé; ẹ má ṣe dúró de èkejì kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀ ni wọ́n fi ń kìlọ̀: àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà pupa, èyí tí ó burú jù. Ẹ pèsè omi mímu, gálọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ ní oúnjẹ tí kò nílò iná: agolo àti irin tí a fi ń ṣí i, búrẹ́dì, ẹ̀pà, bísíkíìtì. Gààrì dára ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí omi tútù tó o. Ẹ gba oògùn tí àgbàlagbà ń lò kí ó tó tán. Ẹ ní tọ́ọ̀ṣì, bátìrì, rédíò kékeré, àti oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Tọ́ọ̀ṣì sàn ju àbẹ́là lọ. Àbẹ́là ti jó ilé púpọ̀. Ẹ kún bátìrì tẹlifóònù kí iná tó lọ.

ÈKEJÌ: Ti iná àti ooru. Ẹ má ṣe gbé èédú wọlé láéláé. Ẹ má ṣe fi sítóòfù gáàsì tàbí ààrò rẹ̀ yá ilé. Kí jẹnẹrétọ̀ wà ní ìta, ó kéré tán 20 ẹsẹ̀ bàtà sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ìlẹ̀kùn gárèèjì tí a ṣí kò tó. Ní ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ ni àna wa ṣe gbé tirẹ̀ sí ìpẹ̀kun àgbàlá, tí a sì fi wáyà gígùn mú iná wọlé. Ẹ̀rọ ìyáná tí ń lo iná mànàmáná gbọ́dọ̀ jìnnà sí aṣọ àti ibùsùn tó 3 ẹsẹ̀ bàtà, ara ògiri ni kí a sì ti ki í bọ iná.

Bí kò bá sí iná rárá, ẹ yan yàrá kan, kí gbogbo ilé kó sínú rẹ̀. Ẹ ki aṣọ sí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ fi aṣọ bo fèrèsé ní òru, ẹ sì ṣí i sí oòrùn ní ọ̀sán. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ léra sàn ju aṣọ nípọn kan lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó wà láàrin wọn ni ó ń pa ooru ara mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dé fìlà.

Ẹ̀KẸTA: Ti omi. Bí omi bá dì nínú páìpù, a máa wú, páìpù á sì bẹ́. Nígbà tí yìnyín bá yọ́ ni ilé yóò wá kún fún omi. Nítorí náà kí òtútù tó le, ẹ fi aṣọ tàbí fóòmù wé páìpù tí ó wà níbi tí ooru kò dé; ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí ó wà lábẹ́ ibi ìfọwọ́, kí ooru yàrá lè dé ibẹ̀; ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ omi máa kán tó, tó. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí olúkúlùkù ará ilé mọ ibi tí a ti ń ti omi gbogbo ilé pa. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ìlú Houston kìlọ̀ pé kí a se omi ẹ̀rọ kí a tó mu ún, ìkìlọ̀ náà kò sì kúrò títí di ọjọ́ 21. Báwo ni ẹni tí kò ní iná yóò ṣe se omi? Ní ọjọ́ náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀wọ̀ wo àwọn ike tí a ti fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀KẸRIN: Ti ara. Nígbà tí ooru ara ènìyàn bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 35 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó wà nínú ewu. Yóò máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa wúwo lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè mú nǹkan, yóò sì máa tòògbé. Bí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró tí ara kò sì móoru, ìyẹn kì í ṣe àlàáfíà. Ọ̀ràn ti le ni. Ọmọ ọwọ́ kì í gbọ̀n bí àgbà. Ara rẹ̀ á tutù, á sì pupa, kò ní fẹ́ mu ọmú. Ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára ẹni náà, ẹ fi kúbùsù wé àyà, ọrùn àti orí rẹ̀ ṣáájú ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ẹ fún un ní ohun mímu gbígbóná bí ó bá lè gbé e mì. Ẹ má ṣe fún un ní ọtí: ọtí a máa tan ni jẹ, a máa mú awọ ara gbóná nígbà tí ooru inú ń jáde lọ. Ẹ má ṣe rì í sínú omi gbígbóná, ẹ má sì fi ọwọ́ ra ibi tí òtútù ti pa.

Àwọn àgbàlagbà, àti ẹni tí àrùn ọkàn ń ṣe, kí wọn má ṣe fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì. Iṣẹ́ náà wúwo ju bí ó ti rí lójú lọ, ó sì ti dá ọkàn ọ̀pọ̀ dúró lójijì.

Ẹ̀KARÙN-ÚN: Ti ọ̀nà. Ìrìn àjò tí kò pọn dandan, ẹ fi sílẹ̀. Ní àkókò Kérésìmesì ọdún 2022, ìjì òjò dídì jà ní ìlú Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York, tí ojú kò fi ríran fún ohun tí ó ju wákàtí 30 lọ. Ju ènìyàn 40 lọ ni ó kú ní ìlú náà àti àgbègbè rẹ̀. A bá àwọn kan nínú mọ́tò wọn, a bá àwọn mìíràn ní ìgboro nínú òjò dídì. Ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ pàápàá kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí ọ̀nà bá dí mọ́, kí ó dúró nínú mọ́tò rẹ̀, kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ wá ilé tí kò rí. Kí ó tan ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú 10 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ gbọ́n òjò dídì kúrò lẹ́nu páìpù èéfín, kí ó sì ṣí fèrèsé díẹ̀, nítorí oró tí a ti sọ yẹn.

Ẹ̀KẸFÀ: Ti aládùúgbò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí òtútù pa ní Texas jẹ́ àgbàlagbà. Kí a tó ti ilẹ̀kùn wa, ẹ jẹ́ kí a kan ilẹ̀kùn ìyá arúgbó tí ó kù ní òun nìkan ní ilé kejì, àti ti ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, ẹni tí kò tí ì rí òjò dídì rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 kan náà, ìjì Arwen pa iná fún nǹkan bí ilé mílíọ̀nù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sìkọ́tíláńdì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn sì lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lókùnkùn. Ní gbogbo ilẹ̀ yẹn, 105 ni nọ́ńbà tí a ń pè bí iná bá kú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ ọ́n kí ó tó nílò rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílé, ọ̀rọ̀ kù fún yín. Bí ẹ bá gbọ́ pé ìjì òtútù ń jà níbi tí ọmọ yín wà, ẹ má ṣe pe tẹlifóònù rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Bátìrì tí ẹ ń jẹ tán ni ó yẹ kí ó fi pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ bá a ṣe àdéhùn ìgbà kan ní òwúrọ̀ àti ìgbà kan ní alẹ́. Kí ó fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́, ó tó. Bí ó bá sì sọ pé òtútù ń mú òun, ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó dáná èédú. A bẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ òbí wúwo létí ọmọ rere. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò ní ìgboyà láti kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó sì sọ pé rárá.

Kí àwa tí a wà nílé pàápàá má sì rò pé àlejò nìkan ni ọ̀rọ̀ èéfín yìí bá wí. Jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí a sì ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe ní Òṣogbo bí ó ti ń ṣe ní Houston. Olè tí ó jí jẹnẹrétọ̀ gbé lọ, ẹrù ni ó gbé. A lè ra òmíràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí iná padà, a pe ọmọ wa, a ní kí ó jókòó tì wá. A sọ fún un níwájú ọkọ rẹ̀ àti níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ni ó ṣe é tọ́, àwa ni a ṣìnà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa pé kí a máa sọ òtítọ́.” Lẹ́yìn náà ni ó lọ gbé omi tíì kaná fún wa.

Ẹ múra sílẹ̀, kí ó lè yẹ yín kalẹ̀. Ó dìgbà.